Ta Ni Ìyá Ilá Yìí? Ìbéèrè Yín Lórí Àmì àti Ìwé Ọgbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn èèyàn wa láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn da irúgbìn pọ̀ lẹ́yìnkùlé: ilá tuntun, ata tuntun, elégédé tuntun. Inú mi dùn sí i púpọ̀púpọ̀. Àmọ́ tí òjò bíi méjì bá ti rọ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ kì í mọ èyí tó bí èyí mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn á wá dà bí ohun tí wọ́n rí he. Mo mú lẹ́tà mẹ́fà jáde. Ti àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí pé òun ló ru ìyókù.

Ìyá Ọlọ́gbà, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsánlú. Mo mú ilá kúkúrú kan tó ń tètè so, tí mo ra irúgbìn rẹ̀ lọ́jà, mo dà á pọ̀ mọ́ ilá gíga tí ìyá ọkọ mi mú wá láti Búnú, èyí tó ń fà dáadáa nínú ọbẹ̀. Àwọn ọmọ tó jáde dára. Mo tún gbin kóró wọn. Ní báyìí, ọ̀rá irúgbìn kún kọ́bọ́ọ̀dù mi: mo kọ “ilá tó dáa” sí ọ̀kan, “ilá tuntun” sí òmíràn, “ti Màmá” sí òmíràn, ìyókù ò ní nǹkan kan lára. Èyí tó ń tètè so tó sì tún ń fà, mi ò mọ inú èwo ló ti wá mọ́. Kí ló yẹ kí n máa kọ, ìgbà wo ló sì yẹ kí n máa kọ ọ́? (Olùkọ́, Ìsánlú)

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìrọ̀lẹ́ tí ẹ fẹ́ da òdòdó méjì pọ̀, torí ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ìwé kíkọ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìkórè kí ẹ tó mú báírò, ó ti pẹ́ jù.

Òdòdó ilá kì í pẹ́ láyé. Àárọ̀ ló ń là, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti rọ. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ni mo máa ń wá èyí tó máa là lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa dá a mọ̀: ó ti wú, ẹnu rẹ̀ sì ti ń yọ àwọ̀ yẹ́lò díẹ̀díẹ̀. Màá fi abẹ ya ìdí rẹ̀ yípo, màá wá bọ́ ewé òdòdó náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni bọ́ fìlà. Ọwọ̀n kékeré kan ló máa ṣẹ́ kù láàárín, tí àwọn orí wẹ́wẹ́ tó ń mú lẹ́búlẹ́bú jáde dì mọ́ lára. Gbogbo orí wẹ́wẹ́ yẹn ni màá fi ẹnu abẹ ha dànù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láì fara kan èyí tó pọ́n dúdú ní ṣóńṣó òkè, torí pé òun ni obìnrin, òun ló máa gba lẹ́búlẹ́bú ọkọ. Lẹ́yìn náà màá fi àpò bébà bò ó. Òdòdó tí mo bá yàn ṣe bàbá, ìrọ̀lẹ́ kan náà ni mo ń fi òwú di ẹnu tirẹ̀, kí oyin má baà ṣáájú mi débẹ̀ láàárọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìrì ti gbẹ, màá já òdòdó bàbá, màá tú òwú rẹ̀, màá fi ra orí pupa yẹn títí lẹ́búlẹ́bú á fi bò ó. Màá tún dá àpò padà sórí rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Níbẹ̀ náà, lórí ìdúró, ni mo ti ń so àmì mọ́ ọrùn òdòdó yẹn, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé méjì ni mo ní. Kékeré ń bá mi wọ ọgbà, ẹrẹ̀ lè yí i, kò burú. Ńlá, ẹlẹ́yìn líle, kì í jáde nílé. Tí mo bá jẹun alẹ́ tán, màá da ohun tó wà nínú kékeré kọ sínú ńlá.

Nọ́ńbà nìkan ni mo ń kọ sára àmì. Àmì kéré, òjò ń lù ú, ẹyẹ ń ṣa á, ẹ má ṣe gbé ìtàn lé e lórí. Inú ìwé ni ìtàn ń gbé. Ká ní ìdàpọ̀ yín ni, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́:

“25-1. Ìyá: ilá kúkúrú, irúgbìn ọjà, ebè kejì, igi kẹta láti ẹ̀gbẹ́ kànga. Bàbá: ilá gíga Búnú, ti ìyá ọkọ mi. A dà á pọ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà, òdòdó kan, a bò ó. Ìdí: mo ń wá èyí tó máa tètè so tí á sì máa fà.”

25 yẹn ni ọdún 2025, 1 ni ìdàpọ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Tí ẹ bá fẹ́ kọ òbí ní ṣókí, ìyá ló ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà àmì ×, kí bàbá tó tẹ̀lé e: ilá kúkúrú × ilá gíga Búnú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń bí irúgbìn ṣe ń kọ ọ́ káàkiri ayé, ẹ má ṣe yí i padà. Kò sẹ́ni tó máa ṣi ìyá mọ̀, orí rẹ̀ ni èso wà. Bàbá ni kò sí lójú. Tí ẹ ò bá kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí babaláwo tó lè wò ó lára kóró.

Tí àwọn ọmọ bá hù, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà tirẹ̀: 25-1-1, 25-1-2, títí lọ. Ọmọ-ọmọ á tún fi tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, tí mo bá rí 25-1-4-7 lára igi kan, mo mọ̀ pé igi keje ni nínú àwọn ọmọ tí igi kẹrin bí, láti inú ìdàpọ̀ àkọ́kọ́ ọdún 2025. Igi tó bá kú, nọ́ńbà rẹ̀ bá a lọ. Ẹ má ṣe fún òmíràn láé.

Kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ máa ka igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ọkùnrin ẹlẹ́sìn kan wà tó ń jẹ́ Gregor Mendel, ọgbà ilé àwọn àlùfáà ní Brno ló ti ń gbin ẹ̀wà píìsì. Ó da èyí tó ga pọ̀ mọ́ èyí tó kúrú, gbogbo ọmọ sì ga. Ó gbin kóró àwọn ọmọ yẹn, kúkúrú bá tún yọjú: igi 787 ga, 277 kúrú, ìyẹn bíi mẹ́ta sí ọ̀kan. Ọdún 1866 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ kan náà ni wọ́n ń da kóró sí. Mendel kó ti igi kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó kà wọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilá yín nìyẹn, Olùkọ́. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ jọra, wọ́n dára, ọkàn yín balẹ̀, ẹ bá kó kóró gbogbo wọn pọ̀. Ìran kejì ni ìwà àwọn òbí àgbà máa ń tú jáde lóríṣiríṣi: ọ̀kan ga, kì í fà, ọ̀kan kúrú, ó ń fà, ọ̀kan pẹ́ kó tó so. Ìran yẹn gan-an ló yẹ kí ojú yín ti là jù, kí kóró igi kọ̀ọ̀kan sì ní àpòòwé tirẹ̀. “Ilá tó dáa” kò lè jẹ́ orúkọ, torí pé ilá tó dáa nínú àwo ọbẹ̀ lónìí lè bí ọmọ mẹ́rin tí ìwà wọn ò jọra lọ́la.

Ẹ tún máa kọ bóyá ẹ bo òdòdó àbí ẹ ò bò ó. Ilá lè gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ láì sí ẹnìkan, síbẹ̀ oyin ń wọ inú rẹ̀, ó sì lè ti ilá aládùúgbò wá. Èmi máa ń kọ “bíbò” tàbí “ṣíṣí” sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ìkórè. Tí “ṣíṣí” bá wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé bàbá kì í ṣe ohun tí mo lè búra lé lórí.

Nípa àwọn ọ̀rá tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù: ẹ má dà wọ́n nù, ẹ má sì méfò. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tuntun, kí ẹ kọ “ìyá: a kò mọ̀, bàbá: a kò mọ̀, a bá a nínú ọ̀rá tí a kọ ‘ilá tuntun’ sí.” Ohun tí ẹ bá fi àròsọ kọ síbẹ̀ lónìí, tó bá di ọdún mẹ́ta sí i, ẹ̀yin fúnra yín á gbà á gbọ́ pé òótọ́ ni. Ẹ gbìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí òjò bá dé, ẹ bo òdòdó wọn, ẹ mú èyí tó wù yín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdílé tuntun máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ lè rò pé mo le jù lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ará Amẹ́ríkà kan wà, Luther Burbank, ní Santa Rosa ní California. Irúgbìn tuntun tó mú jáde kó tó kú ní 1926 lé ní 800. Ojú rẹ̀ mú gan-an ni: á rìn gba àárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ igi, á mú díẹ̀, á ní kí wọ́n dáná sun ìyókù. Ní 1905, Carnegie Institution, àjọ kan tó ń fowó ran ìwádìí sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní 10,000 dọ́là lọ́dọọdún, wọ́n sì rán onímọ̀ kan tó ń jẹ́ George Shull lọ bá a, pé kó kọ bó ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Shull débẹ̀, ìwé tó bá kò tó nǹkan. Orí Burbank ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tó fi máa di 1910, owó ti dúró. Títí dòní, irúgbìn rẹ̀ pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fi gbogbo ẹnu sọ òbí wọn. Shull ní tirẹ̀ padà sídìí àgbàdo, ó ń kọ ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ àgbàdo àdàpọ̀ tí ayé ń gbìn lónìí lélẹ̀.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀dọ́kùnrin ni mí, mo ń tọ́jú ọ̀dọ́ igi àti òdòdó tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Kábà. Máákà tí wọ́n ní kì í parẹ́ ni mo fi ń kọ orúkọ sára ọ̀rá dúdú àti sára rọ́bà, ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo rẹ̀ ti lọ. Kí ni kí n lò? (Ọlọ́dòdó, Kábà)

Ọmọ mi, oòrùn ló pa á. Máákà yẹn kì í jẹ́ kí omi fọ òun lóòótọ́, àmọ́ oòrùn ń jẹ aró inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ ra pẹ́ńsù. Dúdú inú pẹ́ńsù kì í ṣe aró, oòrùn ò rí i gbé ṣe. Èyí tó rọ̀, tí wọ́n kọ 2B sí lára, ló dára jù. Tí rọ́bà bá ń dán, fi bébà ìfágí ha á díẹ̀ kó lè gba pẹ́ńsù.

Rọ́bà funfun ike ọ̀dà ṣeé gé, ó sì wà káàkiri níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Fún igi tó máa lò tó ọdún kan lọ́dọ̀ rẹ, ó tó. Kó pẹ́ sí i, oòrùn á sọ ọ́ di gbígbẹ, á máa kán tí o bá fọwọ́ kàn án. Pátákó àti páálí, ikán ló ni ín nílẹ̀ wa yìí, má wulẹ̀ dán an wò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni agolo móòtì. Tí wọ́n bá ṣe ìkómọ ládùúgbò, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣa á wá fún mi. Fi sísọ́ọ̀sì gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, ṣọ́ra, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwọ̀n ìka méjì, kí o ká etí rẹ̀ wọlé kó má baà ya ẹnikẹ́ni. Gbé e lé orí ìwé ìròyìn tí o ká ní ìpele mélòó kan, ibi tó funfun nínú agolo ni kó kọjú sókè. Wá mú báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, kí o fi agbára kọ nọ́ńbà sí i. Lẹ́tà á wọnú irin náà, á wú jáde lẹ́yìn. Kódà tí ìdọ̀tí bá bò ó, fi àtàńpàkò ra á, wàá kà á. Fi ìṣó lu ihò sí i, kí o fi wáyà kọ́pà tínrín so ó.

Má so ó pinpin mọ́ ara igi o. Igi ń sanra, wáyà kì í sanra. Mo ti rí òdòdó tó rẹwà tí wáyà fún lọ́rùn títí tí òkè rẹ̀ fi gbẹ. Fi àyè tí ọwọ́ lè wọ̀ sílẹ̀, tàbí kí o so ó mọ́ ẹ̀ka tí o lè gé.

Ohun kan ṣì kù tí ìwọ tó ń tà á gbọ́dọ̀ máa ṣe. Kọ àmì méjì fún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. So ọ̀kan sókè, ri èkejì mọ́ inú yẹ̀pẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá níbi tí gbòǹgbò ò pọ̀ sí. Tí ti òkè bá sọnù, wàá tú yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, wàá sì rí i. Ẹni tó bá ra igi lọ́wọ́ rẹ á gbé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sílé láì mọ̀.

Ìyá, ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì ń wọlé fa àmì mi tu, àwọn ọmọ náà ń tú u ṣeré. Kí ni ṣíṣe? (Ìyá Ìbejì, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀)

Ẹ mọ ọgbà yín ní gíga, ewúrẹ́ ò gbọ́ èdè míì. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ fún wọn níṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bá ti mọ nọ́ńbà kọ, ẹ ní kó máa tẹ àmì náà pẹ̀lú báírò, kí ẹ sì fún un ní ebè kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ kì í fẹ́ tú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, á sì máa lé àwọn yòókù. Ẹ sì ri àmì kejì mọ́lẹ̀ bí mo ṣe sọ fún ọmọ Kábà.

Mo kí yín, Ìyá Ọlọ́gbà. Àgbà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì padà sílé ní Ẹ̀gbẹ̀. Mo mú kóró kajú láti abẹ́ igi mẹ́ta tí èso wọn tóbi, mo hù wọ́n, mo sì gbìn wọ́n sínú oko. Àmì wà lára gbogbo wọn. Iná ẹ̀ẹ̀rùn wá gba oko náà kọjá. Ọ̀pọ̀ igi yè é, ṣùgbọ́n àmì kankan ò ṣẹ́ kù. Ṣé mo ṣì lè mọ ọmọ ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? (Bàbá Àgbẹ̀, Ẹ̀gbẹ̀)

Bàbá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ọ̀rọ̀ iná. Tí ẹ bá rántí ọ̀wọ́ tí ẹ gbin ti igi kọ̀ọ̀kan sí, ẹ jókòó lónìí kí ẹ yà á sínú ìwé, kí ẹ sì kọ “láti inú ìrántí” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọmọ tó máa jogún oko náà lè mọ ìwọ̀n tó lè gbà á gbọ́ dé. Èyí tí ẹ ò bá rántí, ẹ dúró kí ó so. Kajú tí a fi kóró gbìn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bíi ọdún kẹta, nígbà náà ẹ máa rí ìwọ̀n èso àti àwọ̀ rẹ̀. Kò ní sọ ìyá rẹ̀ fún yín o, torí pé kòkòrò ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú kajú kiri, bàbá lè jẹ́ igi èyíkéyìí ládùúgbò. Ọmọ igi tó so ńlá lè so kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí fún èyí tí a lọ́. Ẹ̀ka tí a bá gé lára igi kan tí a lọ́ mọ́ ìdí òmíràn, igi àkọ́kọ́ yẹn náà ni, ìwà rẹ̀ kì í yí. Nítorí náà nínú ìwé, ẹ máa yà wọ́n sọ́tọ̀: “kóró” tàbí “lílọ́”. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tó tayọ nínú àwọn ọmọ yìí, lílọ́ ni kí ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Fún igi tó máa dàgbà jù wá lọ, àwòrán oko ni mo gbára lé. Ẹ yan ohun kan tí kò lè rìn. Ilẹ̀ wa ò ṣaláìní àpáta, ẹ mú ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà: “ọ̀wọ́ kìíní, ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ìlà oòrùn àpáta; igi kìíní sí ìkẹjọ, ọmọ igi A; ìkẹsàn-án kú.” Ẹ kọ ibi tí kò sí igi náà sílẹ̀, nítorí ààyè tó ṣófo ló ń da kíkà rú tí ọ̀wọ́ bá gùn. Ní orí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé òkúta ńlá kan síbẹ̀ kí ẹ fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ọ̀wọ́ sí i. Tí iná bá bà á jẹ́, ẹ tún un kùn, òkúta ò kúrò níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán oko náà ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ yín tó wà ní ìlú mìíràn. Ó lè fi fóònù yà á pa mọ́. Fóònù nìkan kò tó ṣá, ẹ̀rọ ń bàjẹ́, olè sì ń gbé e.

Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín. Mo ń kó kóró ata àti ikàn sínú ìgò, mo ń lẹ bébà mọ́ ìta rẹ̀. Lọ́dún yìí bébà bọ́ lára mẹ́ta, kóró kan sì hu ewú. (Alátà, Ìyàrà)

Kóró tó hu ewú kò gbẹ kó tó wọ ìgò. Ẹ sá a sí òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́, kì í ṣe sójú oòrùn gangan. Ẹ dì í sínú àpòòwé bébà kó tó wọ ìgò, kí ẹ da eérú gbígbẹ tàbí ìrẹsì tí a yan gbẹ tó sì ti tutù sísàlẹ̀ ìgò kó máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, kí ẹ sì dé e pinpin. Ìyá mi ò ní ìgò. Òkè àdògán ló máa ń so ilá àti àgbàdo irúgbìn kọ́, èéfín ń lé kòkòrò fún un, ó sì fi okùn oríṣiríṣi ya ti oko kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkejì: okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ti oko odò, àkísà fún ti ẹ̀yìn ilé. Obìnrin náà ò mọ ìwé, kò sì da irúgbìn rú rí.

Ní ti bébà tó bọ́, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára àpòòwé inú lọ́hùn-ún. Ti ìta wà fún ojú, ti inú ni ẹ̀rí. Ọdún ìkórè gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí kóró ń darúgbó: àlùbọ́sà kì í pẹ́ kó tó kọ̀ láti hù, tòmátì lè fara dà á fún ọdún mélòó kan. Kí ẹ tó gbìn, ẹ ka kóró mẹ́wàá sínú aṣọ tútù, kí ẹ sì kọ iye tó hù.

Ìyá wa, mo bí ata kan ní Mọ̀pà, ó gùn, ó ta, kì í tètè jẹrà. Orúkọ ọmọbìnrin mi ni mo fún un. Mo fún àwọn èèyàn ní kóró rẹ̀. Ní báyìí ẹnìkan ń tà á pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ó ní òun ló ni ín. Ṣé mo lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? (Bàbá Aláta, Mọ̀pà)

Ó dùn mí fún yín. Òfin wà. Ọdún 2021 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó bí irúgbìn tuntun, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí irúgbìn, NASC, tó wà ní Àbújá ló sì ń mójú tó o. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kó jẹ́ tuntun, tí kò tíì pẹ́ lórí àtẹ; kó yàtọ̀ kedere sí gbogbo èyí tí a ti mọ̀; kí àwọn igi rẹ̀ jọra; kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ má yí padà. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á sì fẹ́ mọ bí ẹ ṣe bí i.

Ìbéèrè tí mo ní fún yín ni èyí: ata náà, ta ni ìyá rẹ̀, ta ni bàbá rẹ̀, ìran mélòó ni ẹ ti fi bíbò gbìn? Ẹ ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, mi ò sì mọ̀ bóyá ó wà nínú ìwé. Oyin fẹ́ràn òdòdó ata. Tó bá jẹ́ ṣíṣí lẹ ti ń kó kóró rẹ̀, àfàìmọ̀ kí igi tó wà lẹ́yìnkùlé yín àti èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á má ti yàtọ̀ síra wọn, kí àwọn méjèèjì sì ti yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí. Ohun tí kò dúró lójú kan kò ṣeé gba ẹ̀tọ́ lé lórí.

Ẹ má sì fojú kéré nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ yín. Ẹ̀gẹ́ TMS 30572 tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, bí, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi gbìn ín káàkiri Nàìjíríà. Ilá NHAe47-4 ti NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí ewébẹ̀ àti èso, náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹni kẹ́ni lè yí orúkọ padà lórí àtẹ ní ọjà. Ojú ewé tó ní nọ́ńbà, ọjọ́, òbí àti orúkọ gbogbo ẹni tó gba kóró lọ́wọ́ yín ni kò lè yí padà.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, ẹ yan igi kan tó jọ ti ìbẹ̀rẹ̀ jù. Ẹ fi àpò nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fi di ẹ̀bùn níbi ìgbéyàwó, bo ẹ̀ka rẹ̀ kí òdòdó tó là, kí ẹ máa gbọn ẹ̀ka náà díẹ̀ láràárọ̀ kí lẹ́búlẹ́bú lè bọ́ sórí obìnrin. Tí èso bá ti mú, ẹ ṣí àpò, ẹ so òwú pupa mọ́ àwọn èso yẹn nìkan. Kóró wọn ni kí ẹ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, bíi ogún igi, kí ẹ sì kọ èyí tó yàtọ̀ nínú wọn. Tí wọ́n bá jọra fún ìran méjì sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí àjọ náà, kí ẹ sì mú ìwé yín dání lọ. Ẹni tí ẹ bá tún fún ní kóró kó tó dìgbà náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á, kí ẹ ní kó fọwọ́ sí i.